Ibi Tí Gadolinium Bá Jókòó Sí

Ẹ mú abala magnísíọ́mù méjì. Ọ̀kan ní cerium 3% nínú, èkejì ní gadolinium 3%. Ẹ ò lè mọ ìyàtọ̀ wọn lọ́wọ́, àwọ̀ fàdákà kan náà ni wọ́n ní, ìwé tó bá wọn wá sì lè má sọ ju pé "rare earth 3%" lọ. Ṣùgbọ́n ẹ dán ojú wọn títí yóò fi máa kọ mànà bíi dígí, ẹ fi ásíìdì fẹ́ẹ́rẹ́ nù ún, kí ẹ wá gbé wọn sábẹ́ maikirosíkóòpù. Nínú ti cerium, wóró lẹ ó rí, ìyẹn àwọn kírísítà kéékèèké tó para pọ̀ di irin, tí ògiri kan yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká bí ojú àwọ̀n. Nínú ti gadolinium tó ti gba ooru ní iléru, inú wóró mọ́ tónítóní, ààlà wọn ò nípọn ju ìlà pẹ́ńsù lọ. Ẹ wá gadolinium títí, ẹ ò rí i. Ó kúkú wà níbẹ̀. Ó ti yòrò sínú magnísíọ́mù ni, bí iyọ̀ ṣe ń yòrò sínú omi.

Iye ìdá tó wà nínú irin ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Lójú tèmi, ìbéèrè kẹta ló yẹ kó jẹ́. Èkíní ni pé, èwo nínú wọn ni? Mẹ́tàdínlógún ni èròjà tí wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ rare earth, ìwà wọn nínú magnísíọ́mù kò sì jọra rárá. Èkejì ni pé, ibo ló jókòó sí?

Ká kọ́kọ́ mọ àìlera magnísíọ́mù fúnra rẹ̀. Ó fúyẹ́ púpọ̀: sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan wọn gíráàmù 1.74, nígbà tí alumíníọ́mù wọn 2.7, tí irin sì lé ní 7.8. Àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ tò ní igun mẹ́fà-mẹ́fà, pẹpẹ lé orí pẹpẹ, bí àwo tí wọ́n tò léra. Bí ẹrù bá dé, àwọn pẹpẹ wọ̀nyí ni yóò yọ̀ lórí ara wọn, nítorí ọ̀nà yẹn ló rọrùn jù fún un. Ọ̀nà yòókù le ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Kì í sì í ṣe pé pẹpẹ odindi yọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ sún ẹní ńlá nílẹ̀ láìgbé e, yóò ṣẹ́ etí rẹ̀ kan pọ̀, yóò wá máa ti ìṣẹ́po náà lọ títí yóò fi yọ ní etí kejì. Irú ìṣẹ́po bẹ́ẹ̀ ló wà nínú kírísítà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dislocation. Ẹni tó bá fẹ́ kí magnísíọ́mù le, ohun tí yóò dí ìṣẹ́po yìí lọ́nà ló ń wá.

Nísinsìnyí, ẹ wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń yòrò sí. Ní ooru tó bá a mu jù, magnísíọ́mù líle kò lè gba lanthanum tó 0.5%, kò sì lè gba cerium tó 1%. Neodymium dé nǹkan bí 3.6%. Yttrium dé 12.5% ní 566°C. Gadolinium ní tirẹ̀ dé nǹkan bí 23.5% ní 548°C. Gbogbo ìdá tí mò ń dá níhìn-ín, ìdá ìwúwo ni. Àwọn tó fúyẹ́ nínú wọn kì í fẹ́ wọlé, àwọn tó wúwo, tí wọ́n ka yttrium mọ́, ló ń wọlé. Gbogbo wọn ni átọ́ọ̀mù wọn tóbi ju ti magnísíọ́mù lọ, ṣùgbọ́n ti lanthanum àti cerium ló tóbi jù, ìdí kan nìyẹn tí ilé kò fi gbà wọ́n.

Cerium tí kò ráyè wọlé, ẹ̀yìn ògiri ni yóò wà. Bí irin dídà bá ti ń dì, òun ni yóò kù sínú omi ìkẹyìn, omi ìkẹyìn yìí ló sì ń dì sí ààlà àwọn wóró. Ògiri tí a rí lábẹ́ maikirosíkóòpù nìyẹn. Ẹ má fojú tín-ín-rín ògiri yìí o. Ní 200°C sókè, ibi ààlà ni magnísíọ́mù ti ń kọ́kọ́ yẹ̀, wóró á máa yọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun èlò á sì máa fà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù tí kò pọ̀. Ògiri cerium kì í tètè yọ́, ó sì ń di àwọn wóró mú. Ìdí nìyẹn tí àdàlù magnísíọ́mù tí wọ́n ń pè ní EZ33, tó ní nǹkan bí 3% àdàpọ̀ rare earth tó fúyẹ́ pẹ̀lú zinc tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye yẹn, fi wúlò fún àpótí ẹ̀rọ tó ń gbóná, tí kì í sì í jò nítorí ihò afẹ́fẹ́ kékeré. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ nínú òtútù kò tó nǹkan, ògiri náà sì gán: bí ẹ bá fà á jù, ibẹ̀ ni yóò ti sán. Ẹni tó bá fi EZ33 sínú iléru 525°C fún wákàtí mẹ́jọ nítorí pé ó rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún WE43, àdàlù oní-yttrium, iná ló fi ṣòfò. Ohun tí kò lè yòrò kò ní yòrò.

Lẹ́tà orúkọ wọ̀nyí kò ṣòro kà. E dúró fún rare earth, W fún yttrium, V fún gadolinium, A fún alumíníọ́mù, Z fún zinc, K fún zirconium, Q fún fàdákà. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdá tí a ṣe ní gbáko. WE43 ní yttrium nǹkan bí 4%, rare earth yòókù nǹkan bí 3%, tí neodymium jẹ́ 2 sí 2.5% nínú rẹ̀. Zirconium wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò kàn hàn nínú orúkọ ni.

Ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí la dé yìí. Ẹ mú gadolinium 10% yòrò sínú magnísíọ́mù ní 525°C, kí ẹ sì mú un tutù kíákíá, tí kò fi ráyè jáde. Ní 200°C, nǹkan bí 3.8% péré ni ilé lè gbà. Ìdá 6 tó kù ti di àlejò tí kò ní ibùsùn. Bí ẹ bá wá fi irin náà sínú ooru 200 sí 225°C fún wákàtí gígùn, àlejò yìí yóò máa kóra jọ díẹ̀díẹ̀, yóò di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nanomítà mélòó kan. Mímú gbó là ń pe iṣẹ́ yìí. Ẹ padà sí abala gadolinium 3% wa ìṣáájú: bí ẹ bá mú un gbó ní 200°C fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ohun tí yóò jáde, nítorí 3% kò tíì kún ilé. Ibi tí iye ìdá ti wá di ọ̀rọ̀ gidi nìyí, ìdá tó lé lórí ohun tí ilé lè gbà ló ń ṣiṣẹ́ yìí.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà ní ìrísí, ìrísí yìí sì ni àṣírí gbogbo rẹ̀. Nínú AZ91, tí alumíníọ́mù jẹ́ 9% rẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ máa ń jáde bíi pẹlẹbẹ tó dùbúlẹ̀ lórí pẹpẹ tí ìṣẹ́po ń gbà kọjá. Ẹ da páálí sílẹ̀ gbalaja fún ẹni tó ń sáré bọ̀, kò ní dá a dúró. Àárín páálí sí páálí ló máa ń gbà. Ti gadolinium, yttrium àti neodymium kì í dùbúlẹ̀. Òòró ló ń dúró, ní igun pípé sí pẹpẹ yẹn, bí ògiri tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà. Iye gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè dọ́gba nínú àdàlù méjèèjì, síbẹ̀ èyí tó dúró lóòró ló ń dínà jù. Àwọn onímọ̀ ń pe èyí tó wúlò jù nínú wọn ní β′. Bí ooru bá pẹ́ jù tàbí tó ga jù, β′ á di β1, β1 á di β, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á tóbi, á sì jìnnà síra, ìṣẹ́po á tún máa rí àyè kọjá.

Ìlànà WE43 rí báyìí: wákàtí 8 ní 525°C, rírì sínú omi tó wà ní 60 sí 80°C tàbí omi olómi-rọ́bà tí wọ́n ń pè ní polymer, lẹ́yìn náà wákàtí 16 ní 250°C. Elektron 21, tí neodymium rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2.8% tí gadolinium rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 1%, ń gba wákàtí 8 ní 520°C àti wákàtí 16 ní 200°C. Omi tútù gan-an lè mú kí ohun tó ní ibi tínrín àti ibi nípọn lọ́ tàbí kó sán. Bí ẹ bá sì kàn gbé e kalẹ̀ kó máa tutù fúnra rẹ̀, neodymium á ti jáde sí ààlà wóró kó tó tutù tán, kò sì ní sí àlejò tó pọ̀ tó fún mímú gbó. Ẹ̀dùn ọkàn ibẹ̀ ni pé ìwọ̀n èròjà yóò tọ̀nà nínú àyẹ̀wò, agbára ni kò ní pé.

Ohun mìíràn tó ń bà á jẹ́ ni iléru tí ooru rẹ̀ kò dọ́gba. Magnísíọ́mù pẹ̀lú neodymium tàbí gadolinium ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní ààlà wóró ní nǹkan bí 550°C. Láti 525°C dé ibẹ̀ kò ju ìwọ̀n 25 lọ. Igun iléru kan tó bá fi ìwọ̀n 30 gbóná ju ojú aago lọ ti tó láti yọ́ inú ààlà, ìyẹn kò sì ṣeé tún ṣe. Ihò róbótó dúdú àti ẹnu ààlà tó wú ni ẹ ó rí lábẹ́ maikirosíkóòpù. Bí zinc bá wà nínú àdàlù, yóò tún tètè yọ́ jù bẹ́ẹ̀. Torí náà, ara irin gan-an ni kí a so ẹ̀rọ ìwọn-ooru mọ́, kì í ṣe ara ògiri iléru.

Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí kí WE43 fi ẹ̀yìn AZ91 gbálẹ̀ nínú òtútù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára kó tó já ti WE43 tí a dà sínú mọ́ọ̀dù tí a sì mú gbó jẹ́ nǹkan bí 250 MPa, ìyẹn ìwọ̀n ipá lórí ìwọ̀n àyè kan. AZ91 tí a tọ́jú dáadáa lè ju ìyẹn lọ díẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì lọ sí 200°C kí ẹ tó ṣe ìdájọ́. AZ91 ti ń rọ láti nǹkan bí 120°C, nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ alumíníọ́mù rẹ̀ kò fara da ooru; WE43 ṣì di agbára rẹ̀ mú dé 250°C. Ìṣòro tó bá WE54, tó ṣáájú rẹ̀, ni pé yttrium rẹ̀ pọ̀ jù. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní 150°C fún ìgbà pípẹ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tuntun á máa jáde lẹ́nu iṣẹ́, á máa le sí i, á sì máa gán. Wọ́n dín yttrium kù láti tún ìyẹn ṣe, òun ló bí WE43.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí àdàlù gbó dénú, Mg-10Gd-3Y (gadolinium 10%, yttrium 3%) pẹ̀lú zirconium díẹ̀, tí a dà tí a sì mú gbó ní 225°C, ń dé nǹkan bí 360 MPa kó tó já, tí ó sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ pátápátá ní nǹkan bí 240. Ìwúwo rẹ̀ gòkè láti 1.74 sí bí i 1.9, ó sì ṣì fúyẹ́ ju alumíníọ́mù lọ. 10% dún bí ohun púpọ̀ létí, ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù gadolinium wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nínú ẹgbẹ̀rún átọ́ọ̀mù, nǹkan bí 17 péré ni tirẹ̀.

Iṣẹ́ ìdàrin ló ń ba gbogbo ìṣirò jẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe kílò 20 WE43. Yttrium 4% jẹ́ gíráàmù 800; bí àdàlù ìpìlẹ̀ wa, ìyẹn magnísíọ́mù tí a ti po èròjà mọ́ tẹ́lẹ̀, bá ní yttrium 25%, kílò 3.2 nìyẹn, ká fi ìdá mẹ́wàá lé e fún ohun tí yóò jó lọ, ó di nǹkan bí kílò 3.5. Neodymium 2.2% láti inú àdàlù ìpìlẹ̀ oní-30% jẹ́ nǹkan bí kílò 1.5. Zirconium: ẹni tó fẹ́ kí nǹkan bí 0.5% yòrò a máa fi bí i 1% sí i, ìyẹn gíráàmù 600 àdàlù ìpìlẹ̀ oní-33%. Kílò 14.4 tó kù jẹ́ magnísíọ́mù mímọ́. Kò sí ẹni tí ń ju yttrium lásán sínú rẹ̀; yóò jó lójú rẹ̀, èyí tó bá kù á sì rì.

Ìkòkò irin tí kò ní nickel nínú ni wọ́n ń lò, nítorí nickel díẹ̀ ti tó láti sọ magnísíọ́mù di oúnjẹ ìpẹta. Afẹ́fẹ́ tí ń bo ojú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ SF6, 0.2 sí 0.5% nínú CO2 tàbí nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, àmọ́ agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná tó ìlọ́po 23,500 ti CO2, ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ púpọ̀ fi ń sá fún un. Ìyẹ̀fun ìbojú tí wọ́n ń lò fún AZ91, tó kún fún magnesium chloride, kò dára fún WE43: chlorine inú rẹ̀ á mú yttrium àti gadolinium, á sì gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ìkòkò. Ẹ ó dà á tán, ẹ ó ṣe àyẹ̀wò, yttrium á jẹ́ 3% dípò 4, ẹnìkan á sì máa fura sí ẹni tó ta àdàlù ìpìlẹ̀.

Zirconium ló ń sọ wóró di kékeré, Sauerwald ní Jámánì ló sì rí èyí ní 1937. Ẹ fi í sí i ní 780°C, ẹ rò ó dáadáa, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 30 kí pàǹtí rì, kí ẹ má sì tún tú ìdí ìkòkò mọ́ bí ẹ bá ń dà á. Tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, zirconium fúnra rẹ̀ á rì, tàbí kó bá irin ara ìkòkò lọ. Alumíníọ́mù kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Àjẹkù AZ91 kékeré tó bọ́ sínú ìkòkò yìí á gba zirconium mọ́ ara rẹ̀, á tún gba yttrium, méjèèjì á di pàǹtí nísàlẹ̀. Wóró tó yẹ kó jẹ́ maikirómítà 30 á di ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Ohun èlò tó bá tutù tàbí tó rin, ẹ yan án lórí iná kó gbẹ dénú kó tó kan irin dídà. Omi díẹ̀ tó wọ abẹ́ rẹ̀ á bú gbàù. Magnísíọ́mù tó bá sì ti gbiná, omi ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí á fa hydrogen jáde láti inú omi náà. Ìyẹ̀fun apaná fún irin ni kí ẹ dà lé e.

Ó ṣeni ní kàyéfì pé yttrium yìí kan náà ló ń mú kí magnísíọ́mù ṣòroó jó. Eérú funfun tí ń bo magnísíọ́mù lásán bó bá ń jó kì í bò ó tán: ìwọ̀n àyè tí ó gbà kò ju 0.81 ti irin tó jó lọ, torí náà ó máa ń là, afẹ́fẹ́ á sì wọlé. Ìbora yttrium oxide, ìyẹn eérú yttrium, ń dì pinpin. WE43 àti Elektron 21 ti yege nínú àyẹ̀wò iná àjọ FAA ti Amẹ́ríkà fún àga inú ọkọ̀ òfurufú.

Mo ní alumíníọ́mù àti rare earth kì í rẹ́, síbẹ̀ AE44 kó méjèèjì pọ̀ ní 4% àti 4%. Ìyẹn kò tako ara rẹ̀. Kò sí zirconium níbẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kí ohunkóhun yòrò. Wọ́n fẹ́ kí rare earth gbá alumíníọ́mù mú, kó má ráyè di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ń rọ nínú ooru. Ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti irin dídà sínú mọ́ọ̀dù ń mú un tutù lọ́gán, wóró á kéré fúnra rẹ̀. Férémù tó gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò Corvette Z06 ti 2006 dúró, AE44 ni.

Nínú páálí, ìyẹn magnísíọ́mù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi rólà tẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ni rare earth ń ṣe, iye rẹ̀ sì kéré: 0.2 sí 0.5% ti tó. Bí wọ́n bá ń tẹ AZ31, gbogbo wóró á dùbúlẹ̀ sí ọ̀nà kan, pẹpẹ wọn á bá ojú páálí mu. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní igun, á sán, nítorí kò sí wóró tó kọjú sí ọ̀nà tó lè yọ̀. Átọ́ọ̀mù cerium tàbí gadolinium díẹ̀ tó lọ dúró ní ààlà wóró ń dín ìrìn ààlà kù nígbà tí wóró tuntun ń hù, wóró tó kọjú sí ọ̀nà mìíràn á sì ráyè dàgbà. Níhìn-ín, cerium tí a ti ń bú láti òkè wá wúlò bíi gadolinium, nítorí ohun tí a nílò kò ju ohun tó lè yòrò lọ.

Ní 2001, Kawamura àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ṣe Mg97Zn1Y2, nọ́ńbà yìí jẹ́ ti átọ́ọ̀mù, láti inú ìyẹ̀fun tí wọ́n mú tutù lójijì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní 610 MPa. Zinc àti yttrium tò pọ̀ nínú rẹ̀ láàárín pẹpẹ, ní àyè tó dọ́gba, tí pẹpẹ kò fi lè yọ̀ bó ṣe fẹ́. Kíká ló máa ń ká. Ìyẹ̀fun ló gbé nọ́ńbà yẹn dé ibẹ̀ o, ẹ má retí rẹ̀ nínú ohun tí ẹ dà sínú iyanrìn.

Ní oṣù kẹrin 2025, China fi àṣẹ ìṣàkóso sórí títa èròjà méje sókè òkun, gadolinium àti yttrium wà nínú wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti túbọ̀ ń béèrè bóyá calcium lè gba ipò wọn. Fún páálí, bẹ́ẹ̀ ni: calcium díẹ̀ pẹ̀lú zinc ń tú ìtò wóró ká lọ́nà tó jọ ti cerium. Fún àpótí jíà tí yóò máa ṣiṣẹ́ ní 250°C, kò sí calcium tó ń kọ́ irú ògiri òòró yẹn.